Àwọn Ọmọ Ló Yàn Án

Títí di òní, ìyá mi ṣì ń fi mí yangàn ní Ìsẹ́yìn. Ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, àti pé kíláàsì rẹ̀ ń darí ara rẹ̀ láìsí pàṣán. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lórí fóònù. Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ni mo dá a dúró sí, n kò sì tíì ní ìgboyà láti sọ ìyókù fún un.

Porto-Novo ni mo ń gbé, ìlú tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Kò jìnnà rárá. Ẹni tó bá tètè kúrò ní Èkó láàárọ̀ lè jẹun ọ̀sán níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi ka ara mi sí ẹni tó lọ sí ìdálẹ̀. Mo rò pé ilé náà ni mo ṣì wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń sọ Yorùbá tiwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ, wọ́n ń sọ ọmọ wọn ní Àbẹ̀kẹ́. Kí ló tún kù? Gbogbo nǹkan ló kù, n kò kàn tíì mọ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi, gbogbo àwọn ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà nínú aṣọ kakí wọn, wọ́n ní, "Bọ́njúù, mìsíé." Bọ́njúù yẹn nìkan ni Faransé tí mo mú wá láti ilé, wọ́n sì ti lò ó tán mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò jókòó. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ bí ẹni tó ń lé adìẹ sínú àgò, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan jókòó, àwọn kan ṣì dúró tí wọ́n ń wò mí.

Nígbà tó di ọ̀sán, agogo dún, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ dá páropáro. Mo rò pé ẹnìkan ló kú. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fi èdè Gun, èdè àwọn Ègùn, dá mi lóhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ti géètì. Àṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: tí ọ̀sán bá ti kanrí, olùkọ́ àtọmọ á lọ sílé, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á sì padà wá ní aago mẹ́ta. Èmi ò ní ilé tí mo lè lọ bá ẹnikẹ́ni. Yàrá kan ni mo gbà sí Ouando, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, oòrùn sì ń gbóná lórí páànù rẹ̀ débi pé ó sàn kí n jókòó sínú kíláàsì pẹ̀lú búrẹ́dì mi. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi jẹun ọ̀sán pẹ̀lú àwọn àga òfìfo. Tí wọ́n bá bi mí pé ìgbà wo gan-an ni ìdálẹ̀ kàn mí lára, ọ̀sán ni màá sọ.

Ẹni tó gbà mí sílẹ̀ nínú kíláàsì yẹn ni Ràfíátù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ìyá bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, ìdílé Mùsùlùmí Nàgó ni wọ́n ní Ouando níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ títí, àwọn ọmọ ń wò mí sùn-ùn. Ló bá yí padà nínú àga rẹ̀, ó fi Nàgó ṣàlàyé ohun tí mo wí fún àwọn tó ń sọ Nàgó, ó tún fi Gun sọ ọ́ fún àwọn ọmọ Gun, ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Mìsíé, ó ti yé wọn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó bá mi gbé omi kalẹ̀ lórí. Láti ọjọ́ náà, n kò ní òǹgbufọ̀ mìíràn. Ó lẹ́nu púpọ̀, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, tí kò bá sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀, á máa bá pẹ́ńsù rẹ̀ sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, n kò ní lo oṣù kan tán kí n tó ká ẹrù mi padà sí Ìsẹ́yìn.

Kí n tó kúrò nílé, wọ́n ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún àwa olùkọ́ kan ní Ìbàdàn. Obìnrin tó kọ́ wa níbẹ̀ ní ọmọ fúnra rẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ kọ́, pé kí olùkọ́ sún sẹ́yìn, kó jẹ́ kí ọmọ ṣáájú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ní Àjàṣẹ́, ohun tí mo bá yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá: olùkọ́ á pe ọ̀rọ̀, ọmọ á kọ ọ́, á fi rúlà àti gègé pupa fàlà sí i nídìí, ó parí. Mo pinnu pé èmi ni màá mú nǹkan tuntun dé. Bí mo ti ń wí i yìí, ìgbéraga wà nínú rẹ̀.

Mo bi wọ́n ní ọjọ́ kan pé kí ni wọ́n fẹ́ lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Wọ́n rò pé ìdánwò ni. Ràfíátù bá mi tú u, ó sì fi tirẹ̀ kún un pé mìsíé ò ní bínú. Ni ọmọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ lè ná ọjà pẹ̀lú àwọn ará Nàìjíríà tó ń wá sí ọjà Adjarra. Òmíràn fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù ń pariwo rẹ̀. Ọmọbìnrin Gun kan tó ń jẹ́ Sẹ̀nà, tí ẹ̀kọ́ kì í tètè wọ̀ lórí, ní òun fẹ́ lè kọ lẹ́tà sí bàbá òun ní Èkó. A ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, èyí tó bá yé á kọ́ èyí tí kò yé, èdè tó bá sì wá sí i lẹ́nu ni á fi kọ́ ọ. Ìka ń ró pọ́pọ́pọ́ lókè, gbogbo wọn ń fẹ́ kí n pe àwọn. Ariwo wà, àmọ́ ariwo ẹ̀kọ́ ni. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé oòrùn ń gbóná lọ́sàn-án.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, ẹ ní láti mọ bí kíláàsì yẹn ti rí lójú mi. Ní ìgboro, tí mo bá la ẹnu, ọlọ́kadà tó gbé mi á ti mọ̀. Á ní, "Ẹn, Nàìjíríà," á rẹ́rìn-ín, tí n kò sì mọ bóyá ẹ̀rín ìfẹ́ ni tàbí ti ẹ̀gàn. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n á fi Faransé dápàárá, wọ́n á rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ ibi tó ń lọ, èmi náà á wá rẹ́rìn-ín tèmi lẹ́yìn, lémi nìkan. Ilé tí mo rò pé mo wà yẹn kò mọ̀ mí. Kíláàsì yẹn nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń bi mí ní ohunkóhun ní gbogbo Àjàṣẹ́. Mi ò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀ lọ, bí mo bá máa sọ òótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dírẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Nàgó ni, ìdílé Mẹ́tọ́díìsì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni pẹ̀lú. Ó ní ariwo kíláàsì mi ti pọ̀ jù, àti pé àwọn òbí kan gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, wọ́n gbọ́ Gun, wọ́n gbọ́ Nàgó, wọ́n sì wá bi òun bóyá nítorí ìyẹn ni àwọn ṣe mú ọmọ wá. Ó ní Faransé ni èdè ilé ẹ̀kọ́, tó bá sì di wákàtí tèmi, Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹ̀kẹta. Nàgó ló fi bá mi sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá rán mi létí pé kọ́ńtírà mi ṣì wà lórí ìdánwò títí di ìsinmi Ọdún Àjíǹde. Mo jáde níbẹ̀. Mo ti rí ara mi níwájú ìyá mi pẹ̀lú báàgì, àti gbogbo ìjọ tó ti bá a yọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ọmọ. Mo ní tiwọn ni kíláàsì, kí wọ́n fúnra wọn sọ bí a ó ṣe dá ariwo àti èdè ilé dúró. Bí mo ti ń bi wọ́n ni mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ọ̀gá kíláàsì wọn dìde, ó ní, "Sìnyáàlì." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wolẹ̀. Gbogbo wọn ló ti mọ̀ ọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ìkarahun ìgbín ńlá kan, tí wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n fi okùn bọ̀. Ẹni tó bá sọ èdè ilé ni wọ́n á gbé e kọ́ lọ́rùn, títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, tí á bọ́ ọ fún un. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí ni yóò gbá kíláàsì lọ́jọ́ kejì, yóò sì wà lórí ìdúró ní gbogbo wákàtí àkọ́kọ́.

Pákó ni tèmi nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, pákó tí wọ́n kọ nǹkan sí, mo sì mọ bí okùn rẹ̀ ṣe ń họ èèyàn lọ́rùn. Mo lè sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n mo rántí ìwé tí mo kọ ní Ìbàdàn pé kí olùkọ́ má ṣe fi agídí gbé tirẹ̀ lé ọmọ lórí, mo sì rántí kọ́ńtírà mi, àwọn méjèèjì wá bára mu dáadáa lọ́kàn mi. Mo ní, "Ìpinnu yín ni. Ẹni tó bá gbà, kó nàwọ́." Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ràfíátù ò nàwọ́. Mo wò ó. Ó wò mí padà díẹ̀, ó sì nàwọ́ tirẹ̀. Mo ní a ti fẹnu kò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọrùn Ràfíátù ni ìkarahun náà wà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọrùn rẹ̀ náà ni. Kì í ṣe pé ó ń ṣe agídí. Tí nǹkan ò bá yé Sẹ̀nà, ṣe ló máa fara tì í, á sọ ọ́ fún un wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó tó rántí, àwọn ọmọ á sì nawọ́ sí i pé ó ti sọ ọ́. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń rí ẹni tí nǹkan ò yé, kó kọjá lára rẹ̀. Láàárọ̀, mo máa bá a nídìí ìgbálẹ̀. Mo máa kí i, á dáhùn. Mo máa kọ nǹkan sójú pátákó kí n má bàa wò ó níbi tó dúró sí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti mọ bí èèyàn ṣe ń kọjá lára ẹni tí nǹkan ò yé. Sẹ̀nà ń wò ó, òun ń wo ìwé rẹ̀.

Kíláàsì pa rọ́rọ́. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́, àmọ́ láti ìta, ó dára lójú. Dírẹ́tọ̀ mú àwọn olùkọ́ méjì wá wò wá, ó ní báyìí ni wọ́n ń ṣe é, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń fi òfin de ara wọn. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnìkan dápàárá nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó sì dúró kó yé mi kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ sí kọ́ńtírà mi kí ìsinmi náà tó dé.

Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Màmá, mi ò na ẹnikẹ́ni o. Àwọn ọmọ ló ń darí ara wọn." Inú rẹ̀ dùn. Ó ní olùkọ́ tó kọ́ òun nà wọ́n títí, kò sì rí irú ẹ̀ ṣe. Ó gbàdúrà fún mi títí káàdì fi tán, mo sì ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ yẹn ni ìyá àgbà Ràfíátù wá. Ọ̀sán ni, mo ń jẹ búrẹ́dì mi. Obìnrin kékeré kan tó fi ìborí funfun bo orí, ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun yọ̀ pé Yorùbá ni olùkọ́ náà, òun lè bá a sọ̀rọ̀ láìmú ẹnì kankan dání. Ó ní Ràfíátù ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ débi pé àwọn ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun. Ó ti di oṣù kan báyìí, orí nìkan ló ń mì síni.

"Tí mo bá pè é nínú ilé," ó ní, "á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọrùn kó tó dá mi lóhùn. Ọmọ mi, kí ló wà lọ́rùn rẹ̀ níbí?"

Mo ṣàlàyé sìnyáàlì fún un. Mo wá fi èyí tó burú jù kún un. Mo ní, "Màmá, kì í ṣe èmi o. Àwọn ọmọ ló yàn án. Ràfíátù pàápàá nàwọ́."

Kò bínú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo kíláàsì náà yíká, gbogbo àga òfìfo wọ̀nyẹn. "Àwọn ọmọ ló yàn án," ó ní. "Ẹ̀yin wá ńkọ́, kí ni ẹ̀yin ń ṣe níbẹ̀?"

Ó ní kí n kú iṣẹ́, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ó ti pẹ́ tó ti lọ kí n tó rí i pé búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a wọlé lẹ́yìn ìsinmi, àga Ràfíátù ṣófo. Mi ò béèrè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ibà ni. Lọ́sẹ̀ kejì, Sẹ̀nà sọ fún mi, kò sì wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́, pé wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan ní Adjarra, ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo mú ìkarahun náà, mo jù ú sínú ṣáláńgá. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ó ti tán, kí wọ́n máa kọ́ ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, lédè tó bá wù wọ́n. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n fi rúlà fàlà, wọ́n ń retí kí n máa pe ọ̀rọ̀.

Àwọn ìgbà kan wà tí mo fi ìdálẹ̀ gba ara mi sílẹ̀. Màá ní àlejò ni mí, òfin onílùú ni, kí ni mo fẹ́ ṣe? Àmọ́ àlejò kọ́ ló ṣe é. Bí mo bá jẹ́ àlejò lóòótọ́, ǹ bá ti bẹ̀rù, ǹ bá ti béèrè pé kí ni ìkarahun wà fún. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti wọ irú rẹ̀ rí. Ohun tó jẹ́ kí n gbé e wọ ọmọ ọlọ́mọ ni pé mo fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ ara wọn, wọ́n sì kà mí mọ́ra. Èrò yìí kì í jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀rín inú yàrá àwọn olùkọ́ mọ́.

Ó lé ní oṣù méjì kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ lọ sí Adjarra. Mo ti lọ bá dírẹ́tọ̀, ó ní àyè ọmọ náà ṣì wà, kó padà wá. Mo lọ bá ìyá àgbà, ó ní tí ọmọ náà bá gbà, òun ò ní dí i lọ́wọ́, àmọ́ òun ò ní bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo wá mọ̀ pé ọwọ́ mi ló kù sí. Tí kò bá wọlé kí ọdún ẹ̀kọ́ náà tó parí, wọn ò ní gbà á mọ́, ibi tí ìwé rẹ̀ dé nìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i. Abẹ́ páànù kan ni àwọn aránṣọ náà jókòó sí, ọmọbìnrin mẹ́rin, ẹ̀rọ mẹ́ta. Ràfíátù ń sọ ìtàn kan, ó ń fi Nàgó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ń fi Gun parí ẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣe bí obìnrin kan ṣe wá wọn aṣọ tó ń fa ikùn mọ́ra, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dá ẹ̀rọ dúró. Mo dúró lẹ́yìn igi kan, mo ń gbọ́. Ó ti fẹ́ pé ọdún kan tí mo ti mọ ọmọ yìí, n kò sì mọ̀ pé ó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Àǹtí rẹ̀ fún wa ní bẹ́ǹṣì kan níwájú ilé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ̀bi mi ni, mo ní mo ti ju nǹkan náà nù. Ó ń fa fọ́nrán òwú kan yọ nídìí ìró rẹ̀. Mo bi í pé nígbà tó mọ̀ pé kò fẹ́ ẹ, kí ló dé tó nàwọ́?

"Ẹ̀ ń wò mí, mìsíé," ó ní.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn ń ṣàlàyé ohun tí kò yé mi fún mi, bó ṣe máa ń ṣe. Mo sọ fún un pé àyè rẹ̀ ṣì wà, pé Sẹ̀nà ń béèrè rẹ̀, ṣé á padà wá?

"Tí ẹ bá ní kí n padà, màá padà."

"Èmi kọ́. Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

Ó gbójú sókè, ó ń wò mí lójú. Ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń wá. Mo yí ojú mi sí ọ̀nà, mo kẹ̀yìn sí i pátápátá. Mo ní mi ò wò ó mọ́, kó sọ èyí tó bá wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó rí, màá gbà. Àwọn obìnrin ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń wo èmi àti ọmọbìnrin náà lórí bẹ́ǹṣì, àgbàlagbà tó kẹ̀yìn sí ọmọdé. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé. Mo dúró títí tí ọrùn fi ń dùn mí.

Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi, ó ní, "Mìsíé, kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ?"